Akika àti Igbá Òrí Ìyá Àgbà

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ọmọ. Lámídì, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yẹn. Wo ojúgun rẹ, ó ti funfun bí ẹni tó gba inú èlùbọ́ kọjá. Lóòótọ́ ni iná ń mú ara móoru, ṣùgbọ́n ó ń fa omi inú awọ mu. Adéòtí, fún un láyè lórí ẹní. Mọ́rẹ̀nikẹ́ dà?

"Mo wà níbí, Bàbá."

Ta ló ń pè ọ́ nínú ilé láti àárọ̀?

"Màmá Ìdó ni. Wọ́n ní kí n wá fi òrí pa wọ́n ní gìgísẹ̀."

Ìyá tó bí bàbá rẹ ló ń pè ọ́, o sì jókòó síbí?

"Bàbá, gìgísẹ̀ wọn ń ha mí lọ́wọ́. Ó rí háráhárá bí ẹ̀yìn akika."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ó dáa, ẹ rín in tán. Bí ẹ̀yìn akika. Mọ́rẹ̀nikẹ́, àlọ́ mìíràn ni mo fẹ́ pa lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìwọ ti bá mi yan èyí tí n ó pa.

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

N kò gbọ́ ohùn Lámídì. Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gba inú ewé gbígbẹ kọjá, ó ń dún wàràwàrà. Kò dúró láàfin, kò dúró lọ́jà, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Akika àti Ìyá Àgbà tó tọ́ ọ dàgbà.

Akika tí ẹ mọ̀ lónìí, ìpẹ́ ló bò ó láti orí dé ìrù bíi ti ẹja. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án báyìí, á ká ara rẹ̀ kò rógódó bí òṣùká. Akika àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní ìpẹ́ kan ṣoṣo lára. Awọ rẹ̀ tutù, ó rọ̀ múlọ́múlọ́ bí ewé kókò tí ìrì sẹ̀ sí.

Ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn ni ìlú wọn wà. Ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ eré. Bó bá dé, ètè á bó, imú á gbẹ, awọ á máa fà bí ẹni pé wọ́n rán an mọ́ ènìyàn lára. Nítorí náà ni àwọn ẹranko ṣe ní àṣà kan. Lásìkò òjò, ilé kọ̀ọ̀kan á lọ ṣa èso emi. Wọn á sè é, wọn á sá a, wọn á gún un, wọn á fi omi pò ó, wọn á pò ó títí òrí funfun á fi léfòó. Igbá òrí kan fún ilé kan, ó parí. Òun ni wọn á máa fọgbọ́n lò títí òjò àkọ́kọ́ ọdún mìíràn á fi rọ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, wọn á wẹ̀, ará ilé kan á sì pa ẹ̀yìn ara ilé kejì. Ẹnikẹ́ni kì í dá òrí ilé pa.

"Bàbá, Òòrẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń pa ẹ̀yìn Òòrẹ̀ tó jẹ́ kìkì ẹ̀gún?"

Lámídì, mo mọ̀ pé ìwọ lo máa bèèrè. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó so ìyẹ́ adìẹ mọ́ igi gígùn kan, ó ń ti òkèèrè pa á. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn? Jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Akika kò ní bàbá, kò ní ìyá. Láti ìgbà tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ni Ìyá Àgbà ti gbé e pọ̀n. Ìyá Àgbà ti darúgbó. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì dára. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́, á bu omi ìwẹ̀ fún Akika, á ní:

"Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni o, má jẹ́ kó gbóná jù. Má sì fi kànìnkànìn bó ara rẹ láwọ. Funfun tí o ń rí yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, awọ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún òrí. Ó yá, wá kí omi tó gbẹ lára rẹ tán."

Akika á jókòó síwájú rẹ̀, á kẹ̀yìn sí i. Ìyá Àgbà á fi ìka mú òrí, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀yìn ọmọ náà pẹ̀lú orin. Òun á lé e, Akika á gbè é. Lálẹ́ òní, ẹ̀yin ni kí ẹ bá Akika gbè é. "Rọra pa, rọra" ni ègbè rẹ̀.

Akika, ọmọ mi o,
"Rọra pa, rọra."
Kẹ̀yìn rẹ sí mi o,
"Rọra pa, rọra."
Ọwọ́ rẹ kò lè débẹ̀,
"Rọra pa, rọra."
Ọwọ́ mi ni yóò débẹ̀,
"Rọra pa, rọra."
Ọyẹ́ dé, kò rí wa mú,
"Rọra pa, rọra."

Ẹ ṣeun. Bó bá pa ẹ̀yìn Akika tán, òun náà á na ẹsẹ̀. Akika á mú òrí díẹ̀, á pa gìgísẹ̀ ìyá náà, nítorí gìgísẹ̀ àgbàlagbà ni ọyẹ́ kọ́kọ́ máa ń wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́dọọdún, ọyẹ́ kò sì rí wọn mú lóòótọ́.

Àfi ọdún tí ìjàkadì wọ Akika lórí.

Nígbà ọyẹ́, iṣẹ́ oko dínkù. Ọ̀sán-ọ̀sán ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú ń jìjàkadì lábẹ́ igi ọdán. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá pé ogójì ọjọ́ ni wọ́n máa ń jà àjàkẹ́yìn. Ẹni tó bá da gbogbo èèyàn ni wọn á máa pè ní Akọni títí ọdún á fi yípo. Akika fẹ́ jẹ́ Akọni. Ó fẹ́ ẹ ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀bọ wà níbẹ̀, Ọ̀bọ tó ní ọwọ́ gígùn, tó ní ìka tó ń dì mọ́ nǹkan bí okùn. Bí Akika bá ti yọjú, Ọ̀bọ á gbá a mú lápá, á gbé e sókè, gbìì! Ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, gbìì! Ilẹ̀.

Ọ̀bọ á ní, "Akika, ilẹ̀ yìí ti mọ orúkọ rẹ o! Bí o bá ń bọ̀ lọ́la, gbé ẹní dání, kí o lè máa sùn síbi tí o bá ṣubú sí."

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú gan-an. Akika rí i pé apá òun ti funfun, ó bu òrí, ó fi pa apá àti àyà, ó lọ síbi ìjà. Ọ̀bọ gbá a mú. Ọwọ́ Ọ̀bọ yọ̀, yọ̀ọ́! Ó tún gbá a mú. Yọ̀ọ́! Ẹ̀ẹ̀kẹta, Ọ̀bọ fi gbogbo agbára fà á, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ bọ̀rọ́, ó fi imú sọlẹ̀.

"Haà! Akika da Ọ̀bọ!"

Ẹ̀yin ọmọ, ariwo yẹn dùn mọ́ Akika ju oyin lọ. Ó dùn mọ́ ọn dé ibi tí kò ti lè gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà, Akika kò fi ìka mú òrí mọ́, ẹ̀kúnwọ́ ló ń bù ú. Bí Ìyá Àgbà bá lọ sódò láàárọ̀, gbúù, ó ti ki ọwọ́ bọ igbá. Apá, àyà, ikùn, itan, gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé ló ń pa. Kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé, òrí inú igbá ti jìn láàárín bí ihò.

Akika wo igbá. Ó ní, "Yé! Bí Ìyá Àgbà bá ki ọwọ́ bọ ibí lálẹ́ òní, ó parí fún mi. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá dáwọ́ dúró, Ọ̀bọ á tún máa fi mí nalẹ̀."

Adéòtí, kí ni ìwọ ì bá ṣe?

"N ó tọrọ àforíjì, Bàbá."

Ìyẹn ni ìwọ. Akika ronú kan ọgbọ́n burúkú. Ó lọ sétí odò, ó wa ẹfun, ìyẹn amọ̀ funfun tó wà lábẹ́ òkè. Ó fi omi pò ó, ó pò ó títí ó fi dì bí òrí gẹ́lẹ́. Ó padà wálé, ó ha gbogbo òrí tó kù nínú igbá sínú ewé kókò, ó lọ fi pamọ́ sínú ihò igi lẹ́yìn ilé. Ó wá fi ẹfun kún inú igbá. Ó fi òrí tín-ín-rín ra ojú rẹ̀ kó lè máa ní òórùn òrí.

Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ojú Ìyá Àgbà kò ríran dáadáa mọ́. Kò ní mọ̀."

Ọgbọ́n náà pé lójú rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí kò rò.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́. Akika wẹ̀ tán. Ìyá Àgbà fa igbá sọ́dọ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́. Ó ní:

"Òrí yìí mà le lónìí o."

"Ọyẹ́ ló mú un dì, Ìyá Àgbà."

"Ọyẹ́ ni? Ó dáa. Ó yá, kẹ̀yìn sí mi, ọmọ mi."

Ẹ̀yìn! Akika kò rántí ẹ̀yìn! Nínú igbá yẹn náà ni Ìyá Àgbà máa ń bu èyí tó fi ń pa á lẹ́yìn. Bó bá ní kí ó má pa òun, ìyá náà á bèèrè pé kí ló dé. Bó bá sọ ìdí rẹ̀, àṣírí tú. Akika dúró, ó ń wo ilẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́? Jókòó jàre, omi ti ń gbẹ lára rẹ."

Akika jókòó, ó kẹ̀yìn sí i. Ìyá Àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pò ẹfun, ó rò pé òrí ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Akika, ọmọ mi o,
"Rọra pa, rọra."
Kẹ̀yìn rẹ sí mi o,
"Rọra pa, rọra."
Ọwọ́ rẹ kò lè débẹ̀,
"Rọra pa, rọra."
Ọwọ́ mi ni yóò débẹ̀,
"Rọra pa, rọra."

Nígbà tó kan Akika láti pa gìgísẹ̀ ìyá rẹ̀, inú igbá náà lòun náà ki ọwọ́ bọ̀. Ó mọ̀ pé ẹfun ni. Ó pa á.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹfun kì í mú awọ rọ̀. Omi tó kù lára ló ń fà mu. Nítorí náà, níwájú, Akika ń dán. Lẹ́yìn, Akika ń gbẹ. Ní ọ̀sán, á lọ yọ òrí tòótọ́ nínú ihò igi, á fi pa àyà àti apá, á lọ jà, ọwọ́ gbogbo èèyàn á máa yọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á wálé, á kẹ̀yìn sí Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà á fi ẹfun pa á, á sì máa kọrin.

Ọjọ́ kìíní, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ọjọ́ kẹta, ó rí háráhárá. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ó ti ń sán, ó ń là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ. Lójoojúmọ́ ni Akika ń la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Á tún wá sọ̀rọ̀ ìjàkadì dípò rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà dá orin dúró láàárín. Ó ní:

"Akika."

"Ẹ̀n, Ìyá Àgbà."

"Ẹ̀yìn rẹ ń le lábẹ́ ọwọ́ mi. Àbí ọwọ́ mi ló ti gbó tí kò lè pa ọmọ mọ́?"

"Ọwọ́ yín kọ́, Ìyá Àgbà."

"Kí wá ni?"

Ó kù díẹ̀. Lóòótọ́, ó kù díẹ̀ kí Akika sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n ja àjàkẹ́yìn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ di Akọni. Lọ́jọ́ náà gan-an ni n ó kó òrí padà, n ó dọ̀bálẹ̀, n ó sọ gbogbo rẹ̀." Ó wá sọ síta pé:

"Ọyẹ́ ni, Ìyá Àgbà."

"Ọyẹ́ ọdún yìí le púpọ̀." Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Èmi ti darúgbó, ta ló ń wo ẹsẹ̀ mi? Láti òní lọ, má pa gìgísẹ̀ mi mọ́. Gbogbo òrí tó kù, ẹ̀yìn rẹ ni n ó fi í pa."

Láti ọjọ́ náà, ìyá náà kò jẹ́ kí nǹkan kan kan ẹsẹ̀ òun mọ́. Ìlọ́po méjì ló ń bù sí ẹ̀yìn Akika. Bí ó ṣe ń fi ìfẹ́ pa á tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn náà ń gbẹ tó. Gìgísẹ̀ tirẹ̀ ti ń gbẹ látàrí ẹfun tẹ́lẹ̀. Ọyẹ́ wá wò ó, ó là á. Ó sán débi tí ìka ọmọdé lè wọ ibẹ̀. Bó bá ń lọ sódò, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ó ń fọwọ́ ti ògiri, kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́. Akika ń wò ó. Ó ń yíjú. Ó ń ka ọjọ́: ó ku mẹ́ta, ó ku méjì, ó ku ọ̀la.

Ogójì ọjọ́ pé. Gbogbo ìlú péjọ sábẹ́ igi ọdán. Akika ti fi òrí pa gbogbo iwájú rẹ̀, oòrùn ń tàn lára rẹ̀. Ó da Ẹtu. Ó da Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó wá ku òun àti Ọ̀bọ.

Ọ̀bọ gbá a lápá mú. Yọ̀ọ́! Ó gbá a láyà mú. Yọ̀ọ́! Ó gbá a nítan mú. Yọ̀ọ́! Àwọn èèyàn ń kígbe, "Akika! Akika!" Akika rẹ́rìn-ín, ó yí ara rẹ̀ láti fẹsẹ̀ kọ́ Ọ̀bọ lẹ́sẹ̀. Bó ṣe yí báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀bọ. Ìka Ọ̀bọ wọ inú ibi tó ti sán. Kò yọ̀. Ó dì í mú gbagidi, bí ẹni di èèpo igi mú.

Ọ̀bọ kígbe, "Haà! Ẹ wá wo nǹkan! Iwájú rẹ̀, ọkọ ìyàwó! Ẹ̀yìn rẹ̀, èèpo igi! Akika, kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ nílé tó lè pa ọ́ lẹ́yìn ni?"

Ó gbé e sókè. Gbìì!

Gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ló dun Akika, kì í sì í ṣe ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọ̀bọ ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ nílé. Akika dìde nínú eruku, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sílé. Ó ń sáré, ó ń sọ pé, "N ó sọ ọ́ lónìí. N ó sọ ọ́ nísinsìnyí."

Ó dé ilé. "Ìyá Àgbà!"

Ó wo yàrá, ó wo ẹ̀yìn ilé.

"Ìyá Àgbà o!"

Ó wo ilẹ̀, ó rí igbá òrí. Wọ́n ti ha inú rẹ̀ mọ́ féú. Kò ku ẹfun kankan.

Ìgbín ni aládùúgbò wọn. Tí ọyẹ́ bá ti dé ni Ìgbín máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kì í jáde. Láti inú ilé rẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀:

"Akika, ṣé ìwọ nìyẹn? Ìyá Àgbà rẹ ti jáde láti òwúrọ̀. Mo ní, 'Ìyá, ẹsẹ̀ yín ń ṣẹ̀jẹ̀ o, níbo lẹ̀ ń lọ?' Ó ní òrí ti tán nílé, ẹ̀yìn ọmọ òun sì ń sán. Ó ní òun ń lọ sí ìdí igi emi, bóyá èso àtijọ́ díẹ̀ ṣì kù lábẹ́ ewé."

Akika kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré lọ síbi ihò igi, ó gbé òrí inú ewé kókò, ó forí lé ọ̀nà ọ̀dàn. Kò ṣòro fún un láti mọ ibi tí ìyá náà gbà. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ewé gbígbẹ. Kán, níbí. Kán, lọ́hùn-ún. Ó ń tẹ̀ lé e, ó ń sunkún.

Ó bá a nídìí igi emi. Ó fẹ̀yìn ti igi, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó la ojú díẹ̀.

"Akika? Mo rí márùn-ún." Ó ṣí etí aṣọ rẹ̀. Èso emi gbígbẹ márùn-ún ló wà níbẹ̀. "Kò lè kún igbá. Ṣùgbọ́n á tó ẹ̀yìn rẹ fún ìrọ̀lẹ́ kan. Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀, ká tó lọ sílé."

Ó di ojú.

Akika kúnlẹ̀. Ó tú ewé kókò. Ó bu òrí tòótọ́, ẹ̀kúnwọ́, ó fi pa gìgísẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó ń pa á, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà, òrí kò tán o. Èmi ni. Èmi ni mo kó o. Ẹfun ni mo fi sínú igbá. Ọwọ́ yín kò gbó, Ìyá Àgbà, ẹfun ni. Ẹ dárí jì mí." Ìyá Àgbà kò fèsì. Akika rò pé ó sùn. Ó ní kí òun kọ orin wọn sí i létí, kí ó lè jí. Òun ló ń gbè é tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, òun ló lé e.

Ìyá Àgbà, ìyá mi o,

Rárá, ẹ dúró. Ẹ má gbè é. Lámídì, pa ẹnu dé. Ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Ìyá Àgbà, ìyá mi o,

Ẹ na ẹsẹ̀ yín sí mi o,

Ọwọ́ mi ti dé ibẹ̀ o,

Òrí nìyí, ẹ gbè é o,

Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́? Bó ṣe dákẹ́ nìyẹn. Ó kọ ọ́ títí oòrùn fi wọ̀. Gìgísẹ̀ náà rọ̀. Gbogbo ibi tó sán pa dé, ó rọ̀ múlọ́múlọ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Òrí ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò dìde mọ́.

Ìdí igi emi náà ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ará ìlú ṣàánú Akika. Nígbà tí wọ́n rí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí, ìyàwó Òòrẹ̀ gbé òrí ilé tirẹ̀ wá, ó ní, "Akika, kẹ̀yìn sí mi, jẹ́ kí n bá ọ pa á." Akika kẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ṣe kan ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí, ó rántí ọwọ́ kan. Ó ká kò, rógódó. Ó ki orí mọ́ ikùn, ó fi ìrù bò ó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò tú. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Gbogbo ibi tó sán lẹ́yìn rẹ̀ wá gbẹ, ó le, ó di ìpẹ́. Ikùn rẹ̀ àti àyà rẹ̀ nìkan ló ṣì rọ̀ títí dòní, ibi tó fi òrí ìyá rẹ̀ pa. Ìdí nìyẹn tó fi ń ká ara rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn. Kò fẹ́ kí wọ́n rí i.

"Bàbá."

Mọ́rẹ̀nikẹ́, kí ni?

"Ṣé Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo ohun tí Akika sọ, kó tó kú?"

N kò mọ̀. Akika náà kò mọ̀. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. Èmi náà ní ìyá rí, Mọ́rẹ̀nikẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní n ó sọ lọ́la.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi rìn dé rèé, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìdí igi emi. Bí mo bá fi irọ́ lù ú, kí ọyẹ́ bó mi létè kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí àlọ́ náà kọ́ wa ni pé kí a tọ́jú awọ ara wa lásìkò ọyẹ́, kí ó tó sán, nítorí òrí tó pẹ́ kó tó dé lè mú ẹsẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹni tó lọ padà. Ó sì kọ́ wa pé kí a má ṣe rẹ́ ẹni tó ń pa wá lẹ́yìn jẹ. Ọwọ́ ẹni kò lè dé ẹ̀yìn ara ẹni. Bí a bá ṣẹ̀ ẹ́, kí a sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí a má dúró di ọ̀la.

Adéòtí, kó ẹní nílẹ̀. Mọ́rẹ̀nikẹ́ dà? Ó ti wọlé? Mọ́rẹ̀nikẹ́! Òrí wà lórí àpótí o! Fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ kí o tó fi kàn wọ́n lẹ́sẹ̀!

Lámídì, má rẹ́rìn-ín mọ́. Dákẹ́ ná, tẹ́tí sílẹ̀. Ṣé o ń gbọ́ ọ? Ọmọ náà ló ń lé e, Màmá Ìdó sì ń gbè é.